Gbogbo Wọn Ló Ń Ṣe Àmín

Òórùn aró ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Abẹ́òkúta. Kì í ṣe òórùn burúkú, kì í sì í ṣe òórùn dídùn. Ó dà bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi títí tó fi gbàgbé pé òun jẹ́ ewé rí. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí obìnrin kan ti sá àdìrẹ tuntun sórí okùn, ọrùn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ẹni pé mo ṣì so táì mọ́ ọn, inú á sì máa bí mi díẹ̀díẹ̀, láìmọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lápá kejì ibodè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí nígbà náà, mo sì rò pé Ọlọ́run gbọ́ nípa oyè náà. Nígbà tí ìjọ wa ní kí ọ̀dọ́ tó bá gbọ́ Yorùbá jáde wá, kí ó lọ wàásù ní Nàìjíríà fún ọdún méjì, mo ti nawọ́ sókè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìyá mi sunkún ayọ̀. Gbogbo àdúgbò ló sìn mí dé ibodè pẹ̀lú orin, àwọn aṣọ́bodè sì bá wa jó díẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Mo ń ronú pé àwọn ènìyàn kan jókòó sínú òkùnkùn níbì kan tí wọ́n ń retí mi. Ẹni tó bá mọ ìtàn Abẹ́òkúta á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ìlú tí ìhìn rere ti wọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti jọ ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn dá ara wọn lóhùn lórí àpáta, ni èmi gbé ìmọ́lẹ̀ lọ fún. Irú wa ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ru omi lọ tà létí odò.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá rìn nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n so mọ́ mi jẹ́ ọmọ òyìnbó kan, láti ìlú tí yìnyín ti ń bọ́. Ẹnì kan ti kọ́ ọ pé kí ó máa dọ̀bálẹ̀ kí ènìyàn, kò sì sọ ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún. Gbogbo ayé ló ń dọ̀bálẹ̀ fún, títí kan ọmọdébìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Tèmi yàtọ̀. Bí mo bá ti la ẹnu, tí wọ́n gbọ́ ohùn Àjàṣẹ́ nínú Yorùbá mi, orúkọ mi ti yí padà nìyẹn.

"Òyìnbó, ẹ kú ìrìn o. Àgànyìn, ẹ̀wà ńkọ́?"

Èmi tí mo fi èdè Faransé ka àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì. Ẹ̀wà.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló fẹ́ sọ mí di wèrè. Nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a óò ṣe bí wọ́n bá bú wa, bí wọ́n bá tú ajá sí wa, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ohun tí a óò ṣe bí wọ́n bá ní kí a wọlé. Ní Abẹ́òkúta, gbogbo ènìyàn ló ní kí a wọlé. Wọn á gbé àga, wọn á fi etí ìró nù ún, wọn á bu omi. Wọn á kí wa kú oòrùn, wọn á kí wa kú ìrìn, wọn á kí wa kú iṣẹ́ Olúwa, wọn á béèrè bàbá, wọn á béèrè ìyá, wọn á béèrè gbogbo ará Àjàṣẹ́ lápapọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ń bọ́ wọn. Nígbà tí ìkíni bá fi máa parí, òjìji ilé ti dé ẹsẹ̀ wa. N óò wá sọ ohun tí mo bá wá. Wọn á gbọ́ ọ dé òpin, wọn á máa mi orí. Ẹnìkejì mi á gbàdúrà, gbogbo ilé á sì ṣe àmín, mùsùlùmí, onígbàgbọ́, àti ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní yàrá kejì. "A ó wá lọ́jọ́ Àìkú, lágbára Ọlọ́run." Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, agbára Ọlọ́run kì í tó.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni ìjọ wa háyà ní Ìbarà, lẹ́bàá àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ kòtò omi kan sẹ́yìn rẹ̀ fún ìrìbọmi, ṣùgbọ́n àkèré nìkan ni mo rí tó rì bọ inú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń to àga, mo máa ń wàásù fún àga, mo sì máa ń kó àga jọ. Onílé wa nìkan ló máa ń wá, ó sì máa ń sùn.

Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe àmín, kò sí èyí tí àmín rẹ̀ dùn létí mi bíi ti Alhaja kan ní Ìtòkú. Ilé oníṣòwò ni wọ́n bí i sí, mùsùlùmí láti ìran dé ìran. Òun ló ń rẹ àdìrẹ, òun náà ló ń tà á, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ìta kí ènìyàn tó rí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbà pé kò sí ẹni tó mọ ọjà ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá bíi tòun, ó sì máa ń sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Àgànyìn, ẹ tún ti dé."

"A ti dé, Alhaja. Ẹ kú ọjà."

"Ẹ wá jókòó. Òyìnbó, dìde nílẹ̀, o ti fi aró kun aṣọ funfun. Ẹ ti jẹun? Ẹ ò tíì jẹun. Wo ọrùn Àgànyìn bí ẹ̀ka igi tí iná jó."

Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n gbé wá láti Kọ́bapẹ́ la máa ń jẹ níbẹ̀. Bí a bá jẹun tán, n óò ṣí Bíbélì, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀ ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ń tẹ́tí sí mi lónìí lọ. Nígbà Iléyá, ó ránṣẹ́ pè wá, a jẹ ẹran àgbò títí tí ẹnìkejì mi fi gbàdúrà ní èdè tirẹ̀. Mo rò pé èso ti ń pọ́n nìyẹn. Ebi èso ń pa mí, ẹni tí ebi sì ń pa kì í mọ èyí tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi aró kùn.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa pè láti Èkó. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ẹyọ ẹnì kan tó wọ inú omi lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti gbọ̀ngàn Ìbarà pa, wọ́n á sì dá mi padà sí Àjàṣẹ́ kí ọdún méjì mi tó pé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, irú ìfẹ́ tí wọ́n máa ń fi lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ronú kan ìyá mi àti àwọn tó kọrin sìn mí dé ibodè. Orin wo ni wọ́n máa fi pàdé mi?

Mo fò lọ sí Ìtòkú. Mo ní, "Alhaja, ìrìbọmi wa wà lọ́jọ́ Àìkú. Ṣé ẹ máa wá?"

"Màá wá."

"Ní tòótọ́, Alhaja?"

"Ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí ni? Tìrẹ ni tèmi. Àwa la máa ṣe é."

Bí a ṣe jáde, ẹnìkejì mi dúró sí ojú títì. Ó rọra to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹyin. "Ṣùgbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi?"

Mo fi ojú àánú wò ó. Mo ṣàlàyé fún un pé Yorùbá ni èmi, pé nínú àṣà wa, a kì í já ọ̀rọ̀ lu àgbà lójú báyẹn, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ó sì dọ̀bálẹ̀. Mo pe ọ̀gá wa lórí fóònù, mo ní kí ó máa bọ̀, omi ti ṣetán.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ọ̀gá wa dé pẹ̀lú kóòtù tó nípọn fún oòrùn Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ méjì fi wọlé tẹ̀lé e. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbàlagbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fìlà funfun àti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kúlà ìrẹsì sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àga kò tó. Onílé wa pàápàá kò sùn. Ọ̀gá wa gbàdúrà, àmín náà sì dún débi pé àkèré fò jáde nínú kòtò. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe dùn, ó fi àdúrà mìíràn kún un, ó tún fi òmíràn kún ìyẹn. Mo rí i tó ń yọ fóònù láti ya fọ́tò.

Ó wá ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi jáde síwájú. Mo wo Alhaja. Alhaja ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó fà mí létí aṣọ.

"Àgànyìn, ta ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún?"

"Alhaja… ẹ̀yin ni mo rò pé…"

"Èmi kẹ̀? O ní ọ̀rọ̀ rẹ wà lọ́jọ́ Àìkú, ká wá bá ẹ ṣe é. A ti wá. Nígbà tí o wá bá mi ṣe Iléyá, ṣé mo ní kó o kírun ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tẹ tẹ̀sùbáà ní, "Rárá o. Ẹran ló jẹ." Ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Alhaja wo ojú mi dáadáa, ó dìde, ó sì fà mí lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, sí ẹ̀bá omi. Ó ní kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí n má fi Bíbélì sí i. Mo sọ ọ́ fún un: pé ọ̀gá ń retí ẹnì kan, pé bí kò bá sí, wọ́n máa dá mi padà sílé. Ó tẹ ọwọ́ bọ inú omi.

"Tí mo bá wọ̀ ọ́, wọn ò ní lé ẹ mọ́?"

"Wọn ò ní lé mi, Alhaja."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aago ọwọ́ rẹ̀. "Gbà, bá mi dì í mú. Mẹ́kà ni mo ti rà á, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án."

"Alhaja, ṣé ẹ gbà á gbọ́ ni?"

"Gba kí ni gbọ́? Mo ti ní ẹ̀sìn tèmi. Olúwa tó mọ inú mi ò ní torí omi inú símẹ́ǹtì bá mi jà. Ṣùgbọ́n ìyá kan ń bẹ ní Àjàṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ rí ọmọ rẹ̀ kó máa gbé àpótí bọ̀ bí ẹni tó jalè. Di aago mú, jọ̀ọ́."

Mo di aago náà mú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Inú bí mi sí Ọlọ́run lọ́jọ́ náà bí kò ṣe bí mi rí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń bẹ̀ Ẹ́ fún ẹyọ ènìyàn kan tí yóò wọ inú omi. Ó wá fún mi ní ọ̀kan, ó ti ń bọ́ bàtà, kò sì sí ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́. Ìfẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ìfẹ́ sì kọ́ ni wọ́n rán mi wá gbà. Bí mo bá ṣáà ti pa ẹnu mọ́, gbogbo wàhálà mi parí nìyẹn.

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo so aago padà mọ́ ọn. Mo ní, "Alhaja, ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ó pe mí ní olórí kunkun, ó ní ìwé ló bà mí jẹ́. Mo wọlé, mo sọ fún ọ̀gá wa níwájú gbogbo wọn pé kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ojú rẹ̀ le bí àpáta, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé ti bu ìrẹsì lé e lọ́wọ́, ó sì ṣòro láti lé ènìyàn pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Nígbà tó fi máa jẹ ẹ́ tán, ìdájọ́ ti rọ̀. Wọ́n ti gbọ̀ngàn Ìbarà pa, wọ́n sì ní kí n lọ parí ọdún mi ní Papalanto. Níbẹ̀ náà, wọ́n ní kí a wọlé.

Mo ti di olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ báyìí, irun mi sì ti ń funfun létí. Alhaja ṣì ń pè mí lórí fóònù nígbà Iléyá láti béèrè ẹ̀wà. Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Mo gbé àga, mo nù ún, mo bu omi. Mo ṣe àmín sí gbogbo àdúrà wọn. Mo ní n óò wá lọ́jọ́ Àìkú, lágbára Ọlọ́run. Ìyàwó mi sì wò mí, torí ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ.

Mo lọ. Mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ, a jókòó láàárín àwọn àga tó ṣófo. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọ inú omi jáde síwájú, èyí tó kéré nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì wo ojú mi. Mo mọ ojú yẹn. Àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìwé lé itan. Ìyàwó mi fi ìgúnpá gbún mi, mo wo ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ mi ti ń tú aago.