Ọjọ́ tí Kọ̀mpútà Fún Bàbá Bùsí Lóyún

Àgbẹ̀ iṣu ni Olúbùsí Jacob, ọmọ ìlú Ayebode ní Èkìtì. Bùsí ni wọ́n ń pè é láti kékeré. Nígbà tí irun rẹ̀ funfun, "Bàbá" ni wọ́n kàn fi ṣíwájú rẹ̀. Kò lówó, kò joyè. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń ṣe fáàrí: òun ní í ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Bó bá kà á, àwọn tó ń tòògbé á jí.

Lọ́dún 2006, ojú rẹ̀ ṣú. Ó kí ewúrẹ́ ní "ẹ káàárọ̀ mà", ó tún dúró de ìdáhùn. Ìkórè sì ti ń bọ̀. Ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ìdó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, dókítà ojú tó máa ń wá láti Adó á ṣe é, àwọn á pè é.

Kọ̀mpútà méjì ló wà ní ilé ìwòsàn náà, ọ̀kan ní yàrá káàdì, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Wọn ò mọ ara wọn rí. Ni wọ́n bá pe Tósìn, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ kọ̀mpútà, pé kó so wọ́n pọ̀. Tósìn gbé ètò kan tó ní làákàyè wá. Á wo orúkọ níhìn-ín, á wò ó lọ́hùn-ún, á ní, "Ẹnì kan náà nìyí."

Ètò náà gbọ́n, àmọ́ kò gbọ́ Èkìtì. Àwọn dókítà kọ Ilésanmí. Obìnrin yàrá káàdì kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu olórúkọ: Ulésanmí. Ètò ní ẹni méjì ni. Tósìn rẹ́rìn-ín, ó kọ́ ọ: "Lọ́dọ̀ tiwa, ulé ni ilé, uṣẹ́ ni iṣẹ́. Ọ̀kan náà ni U àti I." Kò rántí sọ fún un pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ni.

Ètò gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn jù. Aránṣọ kan wà ní Ayebode, aboyún, Bísí Jacob lorúkọ rẹ̀. Ètò ní ẹnì kan náà ni òun àti Bùsí Jacob.

Fóònù Ṣèyí, ọmọ Bàbá Bùsí, dún.

"Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́la."

"Uṣẹ́ ti dé!" Bàbá fò sókè, ó forí gbá àtẹ́rígbà.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú aṣọ ọmọ dání."

"Aṣọ ọmọ kẹ̀? Ó ní láti jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń nu ojú."

Ó gun ọ̀kadà dé ibẹ̀. Wọ́n tì í wọ yàrá kan. Kìkì aboyún ló wà lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n òjìji ni Bàbá ń rí. "Ẹ kú ìnira ojú o," ló fi kí wọn.

Wúlẹ̀mọ̀tù, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ò gbójú kúrò lára kọ̀mpútà. "Jacob, ìgbà wo lẹ rí oṣù gbẹ̀yìn?"

"Oṣù kẹ̀, ọmọ mi? Oòrùn gan-an, mi ò rí i dáadáa, ká tó wá sọ ti oṣù!"

Ẹ̀rín mi bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan di ikùn mú: "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí, tèmi fẹ́ẹ́ bọ́ sílẹ̀!" Wúlẹ̀mọ̀tù gbójú sókè. "Yéè! Ta ló fún Bàbá lóyún?"

Ibẹ̀ ni Bísí ti já wọlé láti yàrá dókítà ojú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n fẹ́ẹ́ la ojú mi! Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́!"

Tósìn sáré dé, ó káwọ́ lérí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ lórí kọ̀mpútà. Ṣùgbọ́n dókítà ojú ti ń palẹ̀ mọ́, tó bá lọ, ó di ẹ̀yìn ìkórè. Bísí ò dúró de kọ̀mpútà. Ó fa Bàbá lọ́wọ́. Aboyún ń sáré, arúgbó ń sáré, ó di bó ò lọ o yà fún mi. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bá dókítà. Ó padà wọlé, ó sì ṣe iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ ìkórè, Bàbá Bùsí ka ẹ̀kọ́. Ó rí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó rí àga tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí kó tó kú. Ó kà á dópin.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin bò ó: "Bàbá, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Ó na ìka sí ikùn Bísí. "Tirẹ̀ ló kù. Tèmi ti jáde." Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. "Ìbejì ni: ọ̀tún àti òsì."