Àtàǹpàkò Dígí

Dígí ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Kì í ṣe pé ó ń ta dígí o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ àti fóòmù nu ibi tí nǹkan ti ha ọ̀dà ara ọkọ̀, títí ojú ibẹ̀ á fi dán, tí ẹni tó ni ọkọ̀ á máa rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin, télọ̀ ni mí. Ìjókòó ọkọ̀ ni mò ń rán ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòròkòrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín, torí mo máa bú u tó bá yá. Kò sí ẹni tó mọ ìtọ́jú fóòmù bíi tirẹ̀. Fóòmù náà rí róbótó, ó tó àwo ọbẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kó tó máa yí. Tí Dígí bá fẹ́ fọ̀ wọ́n, á rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù yọ ìdọ̀tí inú ihò wọn, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ omi jáde. Kì í lọ́ wọn bí aṣọ. Ibòji ló ń sá wọn sí, ojú sókè, torí iyanrìn ẹyọ kan péré tó bá há sójú fóòmù, ọ̀tá ọ̀dà ni. Ẹni tó bá gbé fóòmù rẹ̀ dojú bolẹ̀ ti wá ìjà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gbé ọmọ yín sílẹ̀ nílé?" ló máa ń wí.

Èyí tó rọ̀ jù ló kọ́kọ́ ń lò. Bí ojú ibi tó ha kò bá lọ, á mú èyí tó le díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà èyí tó le gan-an, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Tí fóòmù bá ṣì jẹ́ tuntun, àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra; ṣùgbọ́n tiwa ti gbó, ọṣẹ ti fọ àwọ̀ wọn lọ, gbogbo wọn ti rí bí eérú. Àtàǹpàkò ni Dígí fi ń dá wọn mọ̀. Á tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Èyí le." Kì í ṣì í.

Àtàǹpàkò yìí ló kú, kò mọ̀ ọ́n mọ́ tó bá fi kan nǹkan. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn-ún gbọ́. Ẹ̀rọ tó ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe ló fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ìka, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Dókítà ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, èyí tó kù nìkan ló ṣeé dì mú. Dígí dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ, èmi àti òun la jọ ń gbé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ sọ fún ọ̀gá. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ géètì."

"Kí n máa ṣí géètì? Èmi Dígí?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú mi. Mo wá òwú, mo rán an sẹ́yìn àwọn fóòmù náà: pupa fún èyí tó le, àwọ̀ ewé fún èyí tó wà láàárín, funfun fún èyí tó rọ̀. Nígbà tó rí i, kò bá mi jà. Ó mú abẹ fẹ́lẹ́, ó jókòó, ó ń tú òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ pé abẹ ti gé òun, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sórí ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹni tí kò mọṣẹ́ ni wọ́n ń ṣàmì fún," ló wí. Orí kunkun yẹn, ọ̀dọ̀ bàbá wa ló ti jogún ẹ̀, bàbá náà ò sì rí èrè kankan jẹ nídìí ẹ̀.

Orí èyí la wà nígbà tí ìyá kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ dúdú ni, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi sílẹ̀ fún un, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Géètì ilé ló ha á lára ilẹ̀kùn, ìlà kan gbọọrọ. Ọ̀gá wa, ọmọkùnrin tó jogún ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, fa Dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jókòó sí.

"Bàbá, ọ̀dà ọkọ̀ yìí ti fẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ̀rù yín ń bà mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Tí eléyìí bá bàjẹ́, mi ò ní lè fi yín sídìí ẹ̀rọ mọ́."

Dígí rẹ́rìn-ín. Ó lọ fi èékánná rẹ̀ wọ́ ojú ìlà náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n: tí èékánná bá kọ́, ó ti jìn, kò sí fóòmù tó lè ràn án, àfi kí wọ́n kun ilẹ̀kùn náà lọ́tun. Mo rí i tí èékánná kọ́. Àní mo gbọ́ ọ.

"Kò jìn," Dígí wí fún ìyá náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ó kọ́ o," mo ní.

"Rán ìjókòó ẹ."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Dígí tẹ fóòmù kan, ó tẹ òmíràn, ó mú ọ̀kan. Ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, ó tọ́ pọ́líìṣì sójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ dún. Ìlà náà kò lọ, Dígí wá tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin ilẹ̀kùn náà láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná, ó mi orí pé rárá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òórùn ọ̀dà tó ń jó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Mo pariwo, ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́, mo sáré. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Dúdú ti ṣí, funfun abẹ́ rẹ̀ ti yọ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

Ìyá náà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fi ìka kan ibẹ̀, ó ní, "Láràárọ̀ ni ọkọ mi máa ń nù ún," ó sì lọ jókòó síta.

Ọ̀gá dé. Ó yọ fóòmù lẹ́nu ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Bàbá, èwo lẹ fi ṣe é?"

"Èyí tó rọ̀."

Èyí tó le gan-an ló wà lọ́wọ́ ọ̀gá; ó gbé e sílẹ̀. Ó mú fóòmù méjì míràn lórí tábìlì, ó fi ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún Dígí, ó fi ọ̀kan sí ti òsì. "Ẹ má bínú, Bàbá. Èwo ló le?"

Dígí tẹ̀ wọ́n. Ó tún wọn tẹ̀. Ó ń wo bí àtàǹpàkò ṣe ń wọlé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ó tẹ ọ̀kan ju èkejì lọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀gbọ́n mi kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ètè júwe ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Ti òsì," ló wí.

Ti òsì ló le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kò wo fóòmù, ojú Dígí ló ń wò, ó sì rí ibi tí ojú náà lọ. Ó gba fóòmù méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ máa lọ sinmi nílé. Kì í ṣe tòní nìkan."

"Géètì ń kọ́?" Èmi ni mo bi í.

"A ti rẹ́ni fi síbẹ̀, àǹtí. Ì bá ṣe pé ẹ tètè sọ ni."

A jọ jáde. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. "Ìwọ lo tú mi fó. Ká ní ilẹ̀ lo wò ni, màá sọ pé ojú ló ṣì mí." A dé etí títì, ọkọ̀ pọ̀. Láti kékeré ni Dígí ti ń fà mí lọ́wọ́ kọjá títì, àgbà tí mo dà yìí kò ní kó jáwọ́. Ó na ọwọ́, mo fi tèmi sí i, a kọjá. A ti dé òdìkejì tipẹ́, ó ṣì dì mí mú, ó ń fún ọwọ́ mi pọ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ ń ṣe mí léṣe."

Ó wolẹ̀, ó rí ọwọ́ mi nínú tirẹ̀.

"Mo rò pé o ti fi ọwọ́ mi sílẹ̀ ni," ó ní.