Ènì Tí Kì Í Ṣe Ènì

Kó, kó, kó ni tíṣà obìnrin tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà fi ìka kan ìdí kóńgò ìyá àgbà mi, lójú gbogbo oníbàárà, níwájú ilé wa ní Oregbeni, ní Bìní. Ó fi Píjìn sọ pé kí wọ́n wá wò ó: ìdí kóńgò ti wọnú, gààrí àwọn ni màmá ń dọ́gbọ́n bù kù, tó tún ń bù ú padà fáwọn bí ènì. Gààrí pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Ekiadolor dé ṣì ń ta sánsán lórí tábìlì, èmi sì rọra fà sẹ́yìn.

Ìyá àgbà kì í ta gààrí láìfi ènì sí i. Á wọn kóńgò títí yóò fi yọrí ṣóńṣó, á wá fi ọwọ́ méjèèjì bu ìkúnwọ́ kan lé e. Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn onígààrí tó kù wá bá a. Bí orúkọ yẹn bá bàjẹ́, kí ló kù fún arúgbó? Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ọjọ́ kẹta sẹ́yìn ni mo dojú kóńgò yẹn délẹ̀, tí mo gorí ẹ̀ láti ká gúáfà. Ìdí ẹ̀ tẹ̀ wọlé. Mo dá a padà sórí gààrí, mo panu mọ́, ọ̀dájú ọmọ. Òyìnbó tàbí Píjìn làwa ọmọ tí wọ́n bí sí Bìní fi máa ń dá ìyá àgbà lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu mi.

“Ìyá àgbà, ẹ má bínú, èmi ni mo gun kóńgò yẹn tó fi tẹ̀.”

Mo ti fọwọ́ bo etí, mo ń retí ìgbátí. Kò gbá mi. Ó ní kí wọ́n yá kóńgò lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ìrẹsì nítòsí, kí tíṣà da gààrí tó rà sí i, tòun tènì ẹ̀. Tíṣà dà á. Ó kún, ó yọrí, díẹ̀ tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá. Tíṣà di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó bẹ̀ ẹ́ gan-an. Ara tù mí débi pé ẹkún ni mo bú sí.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ìyá àgbà gbé igbá gààrí rù mí, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Ilé gbogbo ẹni tó ti rà á láti ọjọ́ mẹ́ta la dé, ìkúnwọ́ kan fún oníkálukú. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo bá ní ṣebí gààrí wọn ti pé tẹ́lẹ̀.

“Ó pé. Èyí tí mo fi mú un pé, tiwọn ni. Mi ò tíì fún wọn lénì.”

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Bí mo bá ń pẹ́ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí mo wá ra súìtì bọ̀ fún ọmọ mi, mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ènì, àsìkò ẹ̀ tí mo bù kù ni mo fi ń dí. Mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń jókòó tì í.