Kò Burú Jù: Ardith Kuehl àti Ẹ̀rọ Bọ́tìnì

Ìbáà jẹ́ pé yìnyín bo òpópónà, ìbáà jẹ́ pé odò Misisípì kún dé etí ògiri, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ardith Kuehl ń dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà létí odò nílùú Davenport kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò sì pẹ́ dé rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù tí ó ń kun ìtọ́tè.

Ohun tí àwọn ìdílé ń wá wò nínú ilé náà kì í ṣe kékeré: katakata àtijọ́ tí ọmọdé lè gùn, ìjàpá odò mọ́kànlá, àgbá ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ojú omi, afárá oyin nínú gíláàsì, àti ẹ̀rọ bọ́tìnì, èyí tí Ardith ń tọ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ètò. Yóò kọ́kọ́ fi aṣọ nu ẹ̀rọ náà, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, eruku sì ni ọ̀tá rẹ̀. Yóò wá rẹ ìkarahun odò, irú èyí tó ń ṣí bí ìwé, sínú garawa omi kí ó má baà fọ́ lẹ́nu ayùn. Bí ọmọ kan bá dé, Ardith á tẹ ẹ̀rọ, ayùn roboto á gé ìkarahun, ègé kékeré kan tó ń dán bí òṣùpá á sì jábọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò lu ihò méjì sí i, tí yóò sì mú bọ́tìnì rẹ̀ lọ sílé. Iṣẹ́ tí ìyá ìyá Ardith ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlógún nìyí. Àwọn ọmọ máa ń bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ti gé ènìyàn rí. Ardith á ní, "Ìka kan péré."

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀gá tuntun dé láti Kalifóníà. Marisela Quintero ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó já fáfá, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ó pe Ardith sí yàrá rẹ̀.

"Ardith, ẹ jókòó. Lẹ́yìn àtúnṣe, àyè kan ṣoṣo ni yóò kù níwájú fèrèsé odò. Yálà kí n gbé ẹ̀rọ bọ́tìnì síbẹ̀, tàbí ògiri amóhùnmáwòrán tí à ń dán wò, èyí tó ń mú kó dà bí ẹni pé àwọn ọmọ ń fò bí ẹyẹ lórí odò. Èyí tí kò bá wọlé, ìsàlẹ̀ ilé ló ń lọ, nínú àwọn ẹrù àtijọ́. Àwọn àlejò ni yóò yàn án. Wọn yóò máa kọ èrò wọn sí káàdì bí wọ́n bá ń jáde."

"Ó bójú mu," ni Ardith wí. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó lọ.

Ní òpin oṣù, Lowell Stegman, àgbàlagbà tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, wá fà á lọ́wọ́ lọ síbi tí ọ̀gá lẹ èsì náà mọ́ ògiri. Lábẹ́ àkọlé ẹ̀rọ bọ́tìnì, àwọn ènìyàn kọ ọ́ pé: "Kò burú jù." "Ì bá burú ju báyìí lọ." "Mi ò lè ráhùn." "Kò burú jù," léraléra, ní ìgbà mọ́kànlélógójì. Lábẹ́ àkọlé ògiri amóhùnmáwòrán: "Ó yàtọ̀." "Ó yàtọ̀ gan-an." "Hẹn-ẹn, tuntun nìyẹn." Ọ̀gá sì ti fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀rọ bọ́tìnì kò wú àwọn ènìyàn lórí, àmọ́ ògiri náà yà wọ́n lẹ́nu.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n ọmọ Kalifóníà ni ọ̀gá, kò tíì mọ bí ará ibí ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí mo kun ilé wa ní àwọ̀ ọsàn," ni Lowell wí, "ìyàwó mi ní ó yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ ṣàlàyé fún obìnrin yìí."

"Kí n ṣàlàyé kí ni? Pé wọ́n ń yìn mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lowell, ta ló tọ́ ẹ dàgbà?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ Ardith, pé ènìyàn kì í yin ara rẹ̀, ni wọ́n tọ́ Lowell náà. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, Ardith mú epo wá láti ilé. Ó fi pa gbogbo irin ẹ̀rọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà dípẹtà nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ilé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé náà jẹun pọ̀ lọ́sàn-án, oníkálukú gbé àwo tirẹ̀ wá. Lowell gbé jẹ́lì aláwọ̀ ewé tó fi kárọ́ọ̀tì sí nínú wá. Ardith gbé ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì tó yan nínú ààrò wá. Marisela, tí inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n pe òun, gbé ewé tútù líle kan tí ó fi èso kíkan pò wá.

Lowell bù ú, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó gbójú sókè wo àjà. "Ó yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́," ni obìnrin tó ń tọ́jú afárá oyin fi gbè é. Marisela rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tó kan ọ̀dùnkún Ardith, Lowell bù ú lẹ́ẹ̀kẹta. "Kò burú jù," ni ó wí, ó sì ń ha ìdí àwo.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Marisela gbé àwo méjèèjì lọ́wọ́. Tirẹ̀ kún bí ó ṣe gbé e wá. Ti Ardith dà bí ẹni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́.

"Ardith, kí ni wọ́n sọ nípa oúnjẹ mi?"

"Wọ́n ní ó yàtọ̀."

"Tiyín ńkọ́?"

Ardith wo bàtà ara rẹ̀. "Wọ́n ní kò burú jù."

"'Ó yàtọ̀' kò dára, àbí?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Ẹ ò sì sọ pé irọ́ ni."

"Ewé yẹn mọ́ tónítóní," ni Ardith fi tù ú nínú.

"Ọmọ dáadáa," ni Lowell wí lẹ́yìn wọn, "tí ará ibí bá ń yìn ẹ́, àwo ni kó o wò, má wo ẹnu."

Marisela gbé àwo sílẹ̀, ó padà sí yàrá rẹ̀, ó sì tún gbogbo káàdì kà. Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú káàdì ẹ̀rọ bọ́tìnì, ó rí ohun tí kò wò tẹ́lẹ̀: ọwọ́ ọmọdé ló yà á, òbírí kékeré, ihò méjì láàárín.

Nígbà tí oṣù Òkúdù wọlé, iwájú fèrèsé odò ni ẹ̀rọ náà wà, oòrùn ń ta sára irin tí Ardith fi epo pa. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Marisela tò sórí ìlà láàárín àwọn ọmọdé. Ó lu ihò tirẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sí àárín, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí etí.

Ardith gbé bọ́tìnì náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ó yàtọ̀," ni ó wí.

Marisela rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ardith ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ kí ó lè bá a rán an mọ́ ẹ̀wù, ó sì ti ń fi ojú pe ọmọ tó kàn.