Ọjọ́ Tí A Gbé Irú Lọ Bá Oníhò Èédú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Àpáta ní ìlú Jos, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn, nítorí òtútù Jos kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ mú wálé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Àǹtí Dúpẹ́ ti wà ní abúlé ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn Lafia. Irú ló ń ṣe, ọjà Farin Gada ní Jos ni mo ti ń bá a tà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn kan ti gbẹ́ ihò tí wọ́n fi ń wa èédú ilẹ̀ sókè odò wọn, irú rẹ̀ ń dúdú, ó ń kan, kò rọ̀. Àwọn oníbàárà mi kọ̀ ọ́. Ọkọ ti kú, iṣẹ́ tún fẹ́ kú. Ó pè mí, ó ní, "Wá kó mi. Ó ti sú mi."

Owó ọkọ̀ ti ga ju ti ìgbà Kérésì lọ, mo sì ná an títí. Baba Sani, awakọ̀ wa, kàn ń rẹ́rìn-ín: "Haba, Màmá, ṣé èmi ni mo ni epo?" Ní Hawan Kibo, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀ lára òkè. Hawa ni Hausa ń pe gígun òkè, àmọ́ ní tiwa, ńṣe là ń sọ̀ kalẹ̀. Ooru pàdé wa, mo bọ́ súwẹ́tà kan, kò pẹ́ mo bọ́ èkejì. Ní Akwanga mo jẹ kosai, ìyẹn àkàrà, mo fi kunu tó ta lẹ́nu bí ata sìn ín. Kunu yẹn dùn ju ògì tiwa lọ, kí àwọn ará ilé wa ní Èkìtì má gbọ́.

Ọ̀kadà ló gbé mi dé abúlé. Àǹtí kò tíì di ẹrù kankan. Ó mú mi lọ sódò. Omi náà pọ́n bí epo, gbogbo òkúta inú rẹ̀ ti di pupa. Ó ní inú ihò èédú jìn, omi ń sun sínú rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù wá ń fà á dà sódò tọ̀sántòru. Kànga àdúgbò pàápàá ti gbẹ, ihò ti fa omi abẹ́ ilẹ̀ lọ.

"Eérú tí mo fi ń ṣe irú ni mo kọ́kọ́ bú," ni Àǹtí wí. "Mo pààrọ̀ eérú. Mo fi yanrìn ha ìkòkò títí. Mo tún bá Ladi jà pé ọwọ́ tó fi bá mi fọ irú ló kan."

Ladi, aládùúgbò rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Oṣù kan ni kò fi kí mi! Èmi náà ni mo rìn jìnnà lọ fọ irú tèmi lókè ihò, ó sì dára. La bá mọ̀ pé omi ni."

Ní abúlé yẹn, ẹni tó bá ba irú ẹlòmíràn jẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé irú náà lọ ní ṣíṣí, títí yóò fi tún un ṣe. Àǹtí gbé igbá irú tó ti bàjẹ́ kan lé mi lórí.

"Ṣé ẹrù ni mo wá kó ni, àbí irú?"

"Gbé e, jàre. Bí èyí kò bá ṣẹ, a jọ ń lọ sí Jos."

Gbogbo obìnrin onírú tò lọ síwájú ọ́fíìsì àwọn oníhò èédú, a ṣí igbá, a jókòó. Oòrùn mú irú náà. Ẹ ò mọ òórùn! Máníjà fi áńkáṣíìfù bo imú jáde.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó."

"A ò bò ó," ni Àǹtí dáhùn. "Ìwọ lo ni ín."

Máníjà ní omi Ọlọ́run ni àwọn ń fà dà sódò. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, wọn kò lè jẹun. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún máníjà pé, "Ọ̀gá, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìyá tèmi náà ń ṣe dàdáwá." Dàdáwá ni Hausa ń pe irú. Máníjà pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, lójú baálẹ̀, wọ́n yọ páìpù pọ́ọ̀ǹpù náà kúrò lódò, wọ́n darí rẹ̀ sínú kòtò àtijọ́ tó jìnnà sí odò. Ìgbà yẹn la tó bo igbá. Mo pariwo ayọ̀ títí ohùn mi fi há.

Òkúta odò ṣì pupa, kànga kò tíì sun, ìjà ìyẹn ṣì kù. Ṣùgbọ́n omi tó ń ti orí òkè bọ̀ mọ́ gaara ní òwúrọ̀ kejì. Àǹtí kó irú tuntun sínú omi náà, ó fọ̀ ọ́, ó ń kọrin. Mo dúró fún ọjọ́ mélòó kan títí a fi ṣí i. Ó rọ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ pé. Ladi ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó sì mi orí pé ó dára.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ká tó máa ha ìkòkò, ká kọ́kọ́ lọ wo orísun omi.

Nígbà tí mo padà dé Jos, ọkọ mi jáde wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Àǹtí dà?"

Mo ní, "Ó wà létí odò rẹ̀, ó ń fọ irú."