Bí Linda Ṣe Kọ́ Mi Láti Pe Àgbà Wá Jẹun

Linda ló kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín nígbà tí mo wà ní kékeré ní Peckham, nílùú London. Ọmọ àwọn ará Ṣáínà tó ń dín ẹja àti pòtétò tà nísàlẹ̀ ilé wa ni. Bí màmá mi bá ń lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n máa ń fi mí sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Èmi àti Linda la jọ ń bó pòtétò nínú omi tútù títí ìka wa á fi hunjọ. Bí ìrẹsì bá jinná, ọmọdé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pe àgbà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kan nǹkan. "Pòpó, sìk fàn!" Ìyá àgbà, ẹ wá jẹun. Kò sẹ́ni tó ń pe èmi sídìí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni mo ti ń jẹ tèmi. Bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ jókòó ti ìyá àgbà Linda yẹn, tí wọ́n máa ń yọ egungun ẹja fún un, ju bí mo ṣe fẹ́ Kérésì lọ.

Mo sọ ọ́ fún Linda.

"Ìwọ kọ́ ló máa sọ sìk fàn," ló ní. "Ti inú ilé nìyẹn. Àlejò ni ẹ́. Ti inú ìwé ni wàá lò: chíng yùng sìn."

Mo gbà á gbọ́. Ọmọ Yorùbá wo lẹ máa sọ fún pé ọ̀rọ̀ tá a máa bá àgbà sọ gbọ́dọ̀ wúwo tí kò ní gbà? Màmá mi náà kì í sinmi: "Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún àgbà kì í tẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ lórí táìlì, mo pe ìyá àgbà bí Linda ṣe kọ́ mi. Mo tẹ́. Àṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọba wá jẹun láyé àtijọ́ ni. Bàbá Linda rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé abọ́ mi fún mi, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n fà mí létí pé mo rí àgbà fín. Linda ń jẹ ẹja.

Lóde òní, ta ló ń pe àgbà wá jẹun? Ojú fóònù làwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń jẹun. "Hái, Gráńmà" ti tó. Àwọn ti Linda ń kọ́ èdè wọn níléèwé ọjọ́ Sátidé. Bí ẹni ń ka ìròyìn ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Lóṣù tó kọjá, nílé rẹ̀ ní Nunhead, mo bi í pé kí ni mo tiẹ̀ ṣe fún un tó fi tàn mí jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó da tíì sí ife mi, ó ní: "O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Pòpó ti ń bi mí pé kí ló dé tí o kì í jókòó tì wọ́n, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín wọn. Ó yẹ kó o dúpẹ́. Èébú ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ ẹ."