Ọ̀rẹ́ Inú Lẹ́tà Tó Wá sí Ṣakí

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo gbà láti òkè òkun ń run òórùn ọṣẹ ìwẹ̀. Mo rántí pé mo gbé e sí imú kí n tó ya ẹnu rẹ̀, tí àwọn ọmọ kíláàsì wa sì ń fa aṣọ mi lẹ́yìn pé kí n jẹ́ kí àwọn náà gbóòórùn rẹ̀. Ṣakí la wà, ní ayé ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo sì wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ló mú orúkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wá láti erékùṣù Trínídáàdì. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ní pẹ́ńpálì wá mú orúkọ kan. Pẹ́ńpálì ni ọ̀rẹ́ tí èèyàn kò rí sójú rí, tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó fi máa kàn mí, orúkọ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, òun náà ni mo mú.

Ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ni. Lẹ́tà rẹ̀ lè lo oṣù kan àbọ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, èsì mi á sì tún lo bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó síwájú ìta kan náà. Ó ní ní àdúgbò àwọn, àgbá epo tó ti ṣófo ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á fi òòlù lu ojú rẹ̀ títí yóò fi máa mú oríṣiríṣi ohùn jáde, wọ́n á sì máa lù ú kiri ìgboro tí gbogbo ìlú á máa jó tẹ̀ lé wọn. Òun náà wà nínú àwọn tó ń lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́, torí àwọn ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ka ibẹ̀ yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. N kò tíì rí ọmọbìnrin tó kọ̀wé báyìí nípa ara rẹ̀ rí, láìbẹ̀rù, láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó tún sọ fún mi nípa ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n gbé dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Ó ní ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, èèyàn á ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, á sì máa fi ọ̀pá kékeré kan darí ọkọ̀ tó ń yìnbọn lu àwọn ìràwọ̀. Ó béèrè bóyá irú rẹ̀ wà nílùú wa.

Ilé wa kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ilé kan ṣoṣo ló ní in ní àdúgbò wa, ojú fèrèsé la sì ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà yẹn á mọ̀ pé n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù mí lọ. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wà, tiwa tilẹ̀ yàtọ̀. Mo ní ó ní ilé méjìlá tó ń tàn yinrinyinrin, ìràwọ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, èèyàn á kó ti ilé kan, á máa pín in kan kan sínú àwọn yòókù, ẹni tó bá kó tó pọ̀ jù ló jáwé olúborí. Mo fi kún un pé kò sẹ́ni tó lè nà mí níbẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá ń ta lábẹ́ igi òdòdó iwájú ilé wa ni mo ń ṣàpèjúwe, iná tó ń tàn yẹn nìkan ni mo fi kún un. Èsì dé pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ò gbọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí ìbéèrè yẹn.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, ọ̀rẹ́ mi kọ lẹ́tà kan tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti mú ìyá ńlá ìdílé àwọn lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúkọ ìlú rẹ̀ ti sọnù. Orin kékeré kan ló kù, tí àwọn ìyá ilé wọn máa ń kọ bí wọ́n bá ń fi òróró àgbọn pa ara ọmọ tuntun, kò sì sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, láìsí àmì ohùn kankan: *ori re o, fi para mo*.

Ó yẹ kí n gbé e lọ bá àgbàlagbà kan. N kò gbé e lọ síbì kankan. Mo wò ó, mo kà á sí "Orí rere o, fi para mọ́," mo sì kọ̀wé sí i pé àdúrà ni, pé kí orí rere máa pa ọmọ náà mọ́. Ìyẹn nìkan kò tún tó mi. Mo ní mo ti dé ààfin, mo ní àwọn ìjòyè sọ fún mi pé àwọn ọmọ ọba lóbìnrin nìkan ló máa ń ṣe àdúrà náà láyé àtijọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni inú mi ń dùn, bí ẹni tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bùn ńlá.

Ẹ̀bùn náà sì dé ọ̀hún. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé pé ìyá òun sunkún, ó sì mú kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Ilé tí wọ́n ti ń pè ní ilé ọmọ ẹrú láti ọjọ́ pípẹ́ ti wá di ilé ọmọ ọba. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí díẹ̀. Mo tì í sẹ́yìn ọkàn, ìwé kíkà sì gbà mí lọ.

Lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà ti gba ìjọba, tí èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan dé pé ó ń bọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtaṣọ fún ọdún méjì kó lè rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rù irọ́ mi tún bà mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "O parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ títí dé òkè òkun? Ó dáa. Tó bá dé, ẹnu tó o fi pa á náà ni wàá fi tú u."

Ó dé ní ọjọ́ kan tí eruku pupa bo gbogbo gáréèjì. Òun nìkan ló dá wá, láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn gba Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ wa nínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí wọ́n wá pè mí, mo rò pé màá bá a níbi tó ti ń sunkún tàbí tó ń ṣépè fún ọ̀nà wa. Orí ìjókòó ni mo bá a, níwájú bàbá kan tó máa ń ta agídìgbo fún àwọn èrò ọkọ̀, ìyẹn àpótí onígi tó ní àwọn irin pẹlẹbẹ lójú tí wọ́n ń fi ìka ta. Bàbá náà ti gbé e fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó ń wá ohùn kiri lójú irin náà, kò sì pẹ́ tó fi rí orin kan fà yọ tí ẹnì kankan nínú wa kò gbọ́ rí. Àwọn awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ wá wo ọmọ yìí o! Ta ló ni ín?" Mo ní, "Èmi ni mo ni ín." Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ló gbójú sókè, ó dá mi mọ̀ láti inú fọ́tò tí a ti fi ránṣẹ́ sí ara wa, ó sì dìde tòun ti eruku lára, ó dì mọ́ mi.

Ní ọjọ́ kejì ló béèrè ẹ̀rọ géèmù wa. Mo mú un lọ sábẹ́ igi níbi tí àwọn bàbá ti ń tayò. Ó ka àwọn ihò náà, ó wò mí lójú, ó tún wo ọpọ́n. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di igi mú. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní kí bàbá kan kọ́ òun. Wọ́n pè é ní òpè láàárọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti na ẹni méjì. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ló dá kún ìdààmú mi. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí irọ́ kékeré báyìí, báwo ló ṣe máa rí bó bá mọ ńlá?

Ní ọjọ́ kẹta, a lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù kí ìyá ìyá mi. Inú àgbàlá la ti bá ìyá àgbà, wọ́n ń fi ọwọ́ po òrí nínú abọ́ amọ̀ ńlá kan. Wọ́n ti lọ èso òrí kúnná, wọ́n ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá funfun sì ti ń léfòó. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó kí wọn, kò sì béèrè kó tó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ náà láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́ rèé." Wọ́n ń pò ó lọ, àwọn méjèèjì. Bóyá dídán tí ọ̀rá náà ń dán lọ́wọ́ ni, bóyá òórùn rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ilé wọn.

Orin náà ni mo gbọ́ nígbà náà, kì í ṣe lẹ́tà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó gòkè. Kì í ṣe "orí" ló ń pè. Ìyá àgbà dáwọ́ dúró, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n sì fi ohùn gooro dá a lóhùn láìronú: "Yà síbí o, ọmọ tuntun ń bẹ nílé!"

Ìyá àgbà yíjú sí mi. "Níbo ló ti gbọ́ ìpolówó yìí? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun la fi ń kiri òrí. 'Òrí rè é o, ẹ fi para ọmọ!' Bí o bá ti pè é báyìí, ẹni tó bímọ tuntun á dá ọ lóhùn látinú ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn."

"Kí ni wọ́n sọ?" ọ̀rẹ́ mi béèrè.

Mo lè parọ́. Èdè méjèèjì, èmi nìkan ló gbọ́ wọn níbẹ̀. Mo lè ní ìyá àgbà ṣe àmín sí àdúrà ọmọ ọba ni, kí ó padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, kí férémù máa bẹ lára ògiri. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti funfun dé ìgbọ̀nwọ́, mo wo ojú ìyá àgbà tí kò mọ ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún un. Mo sọ pé kì í ṣe àdúrà, pé ìpolówó ọjà ni. Mo sọ pé n kò dé ààfin, n kò bá ìjòyè kankan sọ̀rọ̀, pé èmi ni mo hùmọ̀ gbogbo rẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ kí ó máa rí mi bí ẹni tó ní nǹkan. Omijé ti ń bọ́ lójú mi kí n tó sọ ọ́ tán.

Mo rò pé yóò dìde kó sì máa lọ.

"Tún ohun tí wọ́n fi dáhùn sọ fún mi," ó ní. Mo tún un sọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi yọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Nílé wa, ẹrú ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá ńlá wa yẹn. Ìwọ wá sọ ọ́ di ọmọ ọba. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó níṣẹ́. Ó ní ìgboro tó ń kiri. Àwọn èèyàn mọ ohùn rẹ̀, wọ́n ń dá a lóhùn." Ó nu ojú pẹ̀lú èjìká, torí ọ̀rá ti kún ọwọ́ rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ẹ. Màá bínú títí di ọ̀la. Wá bá wa pò ó."

Mo ká apá aṣọ sókè, mo sì jókòó tì wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ: kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, lẹ́yìn ìyẹn kò mẹ́nu kan án mọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Kó tó lọ, ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Trínídáàdì, ó kà á sí mi létí, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ níbẹ̀, àfi orúkọ ẹni tó parọ́. Ó kọ ọ́ pé "àwọn kan ṣì í túmọ̀ fún mi." Mo gbọ́ nígbẹ̀yìn pé inú ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, pé férémù náà sì wà lára ògiri fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ìyá àgbà ti lọ, ìyá mi náà ti lọ, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Fóònù lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ń lò báyìí. Ohun tó ń gba oṣù mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan mọ́, orúnkún tó ń dùn wá ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wa sì dá lé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn èèyàn a máa yìn ín fún ìrìn àjò tó dá rìn yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń rò bí mo bá dá jókòó ni àgbàlá yẹn, bí ó ṣe gba òtítọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti tàn án jẹ, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì rí iyì nínú rẹ̀ kí èmi tó nu omijé ojú mi tán. Èmi tí wọ́n bí sí Ṣakí, tí mo ti jẹun nínú owó òrí láti kékeré, n kò rí i. Àlejò ló fi hàn mí.